Ẹsẹ̀ Onímaṣíìnì Lórí Pẹ́dà Bàálù Ogun

Iṣẹ́ títún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ni mo ń ṣe. Ìtòkú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ìyá aláàdìrẹ ń pàtẹ sí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú Singer àti Butterfly palẹ̀ tí mo ń tò wọ́n padà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé awakọ̀ òfuurufú gidi ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ bàálù rí láyé mi, láti Èkó dé Àbújá, oorun ni mo sì sùn débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ti jẹun tán, tí iná sì wà, mo máa ń wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbarà, n ó tan kọ̀ǹpútà, n ó sì gbé Spitfire tàbí Mustang gbéra nílẹ̀. Bàálù ogun ayé àtijọ́ nìkan ló wù mí. Àwọn jẹ́ẹ̀tì òde òní, kọ̀ǹpútà inú wọn ló ń bá awakọ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ti ayé ìgbà Hitler, ẹsẹ̀ ènìyàn ni.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ, nítorí owó tí mo fi ṣòfò kí ó tó yé mi, ì bá ra maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ ló fà á. Ó wá bá wa ṣọdún, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dání, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan.” DCS World ni, géèmù tí wọ́n fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, bàálù méjì sì wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lé lórí: Su-25T ti àwọn ará Rọ́ṣíà, àti TF-51D, ìyẹn Mustang tí wọn kò gbé ìbọn sí. Òru mẹ́ta ni mo fi ń wa gbogbo rẹ̀ jáde, nítorí dátà òru ló dínwó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ti Mustang náà síwájú, ó sáré bí ogójì mítà, ó yà bàrá sí òsì, ó kọ lu ilé kan tí wọ́n kọ́ sí etí pápá. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kò lo rọ́dà, sà.”

Ẹni tó ń wa mọ́tò yóò rò pé rọ́dà, pátákó tó nàró ní ìrù bàálù yẹn, ni wọ́n fi ń kọ́nà. Rárá o. Bàálù máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ó tó kọ́nà. Iṣẹ́ rọ́dà ni kí ìrù máa tẹ̀lé imú, kí ó má máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Nínú bàálù tó ń kó èrò lónìí, iṣẹ́ náà kò ni ẹsẹ̀ lára. Ẹ wá wo Spitfire IX, ẹ́ńjìnnì Merlin kan ṣoṣo nímú rẹ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ dáadáa. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yí sí ọ̀tún lójú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sẹ́yìn máa ń lọ́ mọ́ ara bàálù bí okùn, á wá gbá ìrù láti ẹ̀gbẹ́ òsì, imú á sì yà sí òsì. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí sí ọ̀tún, ara bàálù fẹ́ yí sí òsì, táyà òsì á wá tẹ ilẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ó tún ku ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ta òkòtó ní kékeré mọ̀ pé òkòtó tó ń yí kì í gbọ́ràn: ẹ tì í síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ̀bẹ̀ bàálù. Bí ìrù bá ti gbéra nílẹ̀ tí imú sì wálẹ̀, òkòtó ńlá yẹn á tún ta imú sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Òsì, òsì, òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni gbogbo wọn ní láti bá jà.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, n kò ní pẹ́dà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti darí rọ́dà. Jọ́ìsítíìkì, ọ̀pá tí a fi ń darí bàálù nínú géèmù, irú èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ bí ọmọrí ìgò ni mo ń lò: ẹ yí i sí ọ̀tún, rọ́dà á lọ sí ọ̀tún. N kò ní bú u, ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo ra bàálù tó níbọn ni wàhálà dé. Tí ọ̀tá bá wà níwájú yín, tí ẹ ń fa ọ̀pá náà mọ́ra tagbáratagbára, ọrùn ọwọ́ kò lè ṣe kó má lọ́ díẹ̀. Lílọ́ díẹ̀ yẹn ni imú fi ń yẹ̀, tí ọta fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá kọjá. Mo lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo rò pé ojú mi ni kò ríran mọ́, mo tilẹ̀ ti fẹ́ lọ ra gíláàsì.

Pẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo rà, n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àlòkù ni. Ẹnì kan ní Èkó ló tà á fún mi lórí fóònù, ó fi í rán dírẹ́bà sí gáréèjì Kútọ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní bíréèkì níbi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì. Inú mi dùn débi pé n kò bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kankan lọ́wọ́ ara mi.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí mo tẹ ọ̀tún, pẹ́dà kò lọ, èmi ni mo lọ. Àga onítáyà ni mo jókòó lé, ó gbé mi sẹ́yìn títí ìpàkọ́ mi fi kan ògiri. Mo yọ táyà àga dànù. Ó wá kan pẹ́dà láti máa sá lórí tẹ̀rásò. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ẹní náà bá a lọ. Mo fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Kò sá mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ bíréèkì, ìdí rẹ̀ á gbéra sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kàn. Gbogbo èyí gba oṣù kan gbáko, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí ohun tí mo ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ ni pé maṣíìnì tí tábìlì rẹ̀ bá ń mì, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe tí yóò fi ránṣọ tó gún. Tábìlì lẹ kọ́kọ́ ń tún ṣe. Èmi náà ni mo wá gbé pẹ́dà sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí mo ń bú u pé kò dára.

Káfíńtà àdúgbò wa ló parí ìjà. Ó gé púláìwúùdù nínípọn kan fún mi, ó gùn tó ibi tí àga àti pẹ́dà yóò jọ dúró lé. A lu ihò, a fi bóòtì de pẹ́dà mọ́ iwájú rẹ̀, a kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ àga ká lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti pẹ́dà, ìdí tèmi fúnra mi ló ń di pátákó mú fún un. Owó tí mo san fún káfíńtà, owó ọbẹ̀ ọjọ́ méjì ni, ohun tó sì ṣe fún mi ju ohun tí mo rí nínú pẹ́dà náà fúnra rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra pẹ́dà lóṣù yìí, ẹ wá pátákó ná.

Nígbà tí pẹ́dà kò sá mọ́ ni mo tó mọ àìsàn rẹ̀ gan-an. Àárín rẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe é fi kòtò kékeré kan sí ibi tí pẹ́dà ti ń dúró gúnrégé, kí ẹsẹ̀ lè mọ àárín, ó sì fi sípíríìgì tó le koko sí i. Láti jáde kúrò nínú kòtò yẹn, ẹsẹ̀ ní láti fi agbára tì í. Bó bá sì ti já jáde, agbára náà á gbé e kọjá ibi tí a fẹ́. Mo fẹ́ ìwọ̀n eékánná kan, mo rí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Imú bàálù á yà sí òsì, n ó gbá a, á fò sí ọ̀tún, n ó gbá a padà, á fò sí òsì, títí ó fi bọ́ sínú koríko.

Télọ̀ ni ìyàwó mi. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló fi kọ́ṣẹ́, òun náà ló ṣì ń lò tí iná bá lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti sọ Mustang sínú koríko nígbà kẹfà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń fẹsẹ̀ gún bí iyán yẹn?”

Mo ní pẹ́dà ni.

“A kì í gún un. Ṣé ẹ fẹ́ kí òwú já ni?”

Mo dìde fún un, ìbínú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ní kí n bá òun ti iná bàálù náà síwájú, òun kò mọ èyíkéyìí nínú àwọn bọ́tìnnì yẹn. Mo ti tọ́rọ́tù, ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ yẹn kò dúró lójú kan: ọ̀tún, ó dẹ̀ ẹ́, ọ̀tún, ó dẹ̀ ẹ́, òsì fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀tún. Bàálù tọ ojú ọ̀nà bí ìgbà tí èèyàn ń ran etí aṣọ. Nígbà tí ìrù gbéra ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un nípa òkòtó. Ó dìde, ó ní oníbàárà ń bọ̀ wá gba aṣọ láàárọ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń wa maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kì í dúró kí kẹ̀kẹ́ yí sẹ́yìn kí ó tó dáhùn, tí kẹ̀kẹ́ bá fi yí padà, òwú ti já. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ti dáhùn kí kẹ̀kẹ́ tó béèrè. Tí pẹ́dà maṣíìnì bá le láti tẹ̀, mo mọ ohun tí mo máa ń ṣe: n ó tú u, n ó wo ibi tó ti ń há, n ó fi ọ́ìlì sí i, n ó dẹ bẹ́líìtì. Kí ló dé tí n kò tú èyí?

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú u. Mo fi fáìlì ra ẹnu kòtò àárín yẹn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, mo yọ sípíríìgì, mo fi ọ̀kan tó rọ̀ tí mo rí nínú ẹrù àwọn maṣíìnì àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn ní alẹ́ yẹn kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, tí pẹ́dà yín bá ṣì ní ìwé ẹ̀rí ìdánilójú láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo tún rí nígbà tí mo tú u ni ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ẹsẹ̀ wà. Fọ́lúùmù ni! Fọ́lúùmù gan-an, irú èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́, tó máa ń dún kàràkàrà tí a bá yí i. Irin tín-ín-rín kan ló ń fara ra lórí ọ̀nà dúdú kan nínú rẹ̀. Kò burú nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n eruku ìlú yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé. Eruku wọ inú rẹ̀, nǹkan tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà wá di irọ́. Mo ń bọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ mi kò mì rárá, imú Spitfire ṣàdédé ta sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí eṣinṣin wọ̀ nímú. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kọ́ńtáàkì kílínà, ó dáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Fífọ̀ náà di ohun tí mo ń ṣe bí ìgbà tí èèyàn ń gé irun.

Irú kejì ni èyí tí òòfà ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Hall. Òòfà kan ń yí níwájú sẹ́ńsọ̀ kékeré kan, wọn kò fara kan ara wọn, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ, eruku kò sì rí nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀. Nínú ìlú eléruku, èmi kò tún ní fowó ra pẹ́dà olófọ́lúùmù mọ́ àyàfi tí ó bá pọ̀n dandan.

Bí ẹ bá sì máa ra àlòkù, ẹ má gbà kí wọ́n fi rán dírẹ́bà sí yín bí wọ́n ti ṣe fún mi. Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ bá ẹni tó ń tà á. Lórí Windows, ẹ tẹ joy.cpl síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ojú ìwé àwọn jọ́ìsítíìkì á ṣí, ìlà kan á wà níbẹ̀ tó ń bá ẹsẹ̀ yín lọ. Ẹ tẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbín. Tí ìlà náà bá ń fò dípò kí ó máa rìn, ẹ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin ọ̀tún, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wo ibi tó dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin òsì, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi kan náà ló gbọ́dọ̀ padà sí. Èyí tó bá ní àárín méjì, yóò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mú bàálù yín fẹ̀gbẹ́ rìn.

Àwọn kan máa ń bo àbùkù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ètò géèmù. Wọ́n á fi ibi òkú sí àárín, ibi tí ẹsẹ̀ lè mì tí bàálù kò ní dáhùn. Mo ṣe é rí. Ńṣe ló dà bí kòtò àárín tí mo fi fáìlì ra kúrò, tí mo tún fọwọ́ ara mi gbẹ́ padà. Àárín ni gbogbo ìbọn yíyìn wà. Nígbà tí ọ̀tá bá ti wọ ojú ìbọn, bọ́ọ̀lù dúdú inú gíláàsì tó ń sọ bóyá bàálù ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ìwọ̀n ẹ̀wà kan ló máa ń yẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá padà. Ibi òkú, òdo ni tèmi báyìí. Mo kàn tẹ ìlà ìdáhùn díẹ̀ kí àárín rọ̀ ju etí lọ, ó parí.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé pẹ́dà tí kò bá ní i kò pé. Bàálù tí ẹ ń wà ni kí ẹ bi. Mustang àti Thunderbolt ti Amẹ́ríkà, Bf 109 àti Fw 190 ti Jámánì, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni bíréèkì wọn wà, ọ̀tún dá wà, òsì dá wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwọ̀nyí yóò jẹ̀ ìyà láìsí i. Àmọ́ Spitfire àti Hurricane ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ rárá. Irin kan wà lára ọ̀pá tí awakọ̀ ń dì mú, bí bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere. Tó bá fún un, atẹ́gùn á lọ sí bíréèkì, ẹsẹ̀ tó bá sì tẹ̀ síwájú ló ń pinnu táyà tí yóò gba èyí tó pọ̀. Yak ti àwọn ará Rọ́ṣíà náà ń lo ọwọ́. Èmi tó jẹ́ pé nínú bàálù mẹ́wàá tí mo bá gbé, mẹ́fà á jẹ́ Spitfire, mo ti sanwó bíréèkì ẹsẹ̀ méjì tí n kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ VKB ń ṣe pẹ́dà kan tí wọ́n ń pè ní T-Rudder, kò ní bíréèkì ẹsẹ̀ kankan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kì í fara kan ara wọn. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ibẹ̀ ni ǹ bá parí sí.

Bf 109 tún ní tirẹ̀. Àwọn tí mo ń gbé kò ní ohun tí awakọ̀ lè yí láti gbé ẹrù rọ́dà kúrò lẹ́sẹ̀ lókè ọ̀run. Spitfire ní i, Mustang ní i. Nínú 109, bí eré rẹ̀ bá ti kúrò ní ìwọ̀n kan, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sípíríìgì líle pẹ̀lú 109 fún wákàtí kan, ẹ ó fi epo pa orúnkún. Èmi fi àbọ́níkí pa á.

Ohun tí mo wá rà nígbẹ̀yìn ni MFG Crosswind, tí wọ́n ń ṣe ní Croatia. Ọmọ oníbàárà mi kan tó ń bọ̀ wálé láti òkè òkun ló bá mi gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di òní pé irin ni mo fi ọmọ òun rù. Owó rẹ̀ pọ̀, n kò ní purọ́. Sẹ́ńsọ̀ òòfà ni. Ohun tó mú mi yàn án nìyí: irin kan wà nínú rẹ̀ tó rí bí ẹyin tí wọ́n gé, rólà kékeré ń yí lórí rẹ̀, bí irin náà bá ṣe rí ni ẹsẹ̀ á ṣe gbọ́ àárín. Ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i. Ẹni tó bá ti tún maṣíìnì tó ń ran iṣẹ́ ọnà ṣe rí mọ irú irin bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo àrà wà. Mo fi èyí tí kò ní kòtò sí i. Àwọn kan máa ń fi ohun tó dà bí ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà kún un kí ẹsẹ̀ má baà máa já bọ̀. Èmi kò tí ì rà á.

Mo tún wọn ara mi kí n tó rà á, ohun tí n kò ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Pẹ́dà mìíràn wà tí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù nínú rẹ̀, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà á, èmi kò tẹ́ẹ́rẹ́. Gíga àga náà ṣe pàtàkì. Mo ń jókòó ga jù tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń sọ̀kalẹ̀ bí ti ẹni tó jókòó sórí odi, gìgísẹ̀ kò ríbi fara tì. Spitfire gidi, pẹ́dà rẹ̀ ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Tí ìjà bá le, awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ sí ti òkè kí ẹ̀jẹ̀ má baà sá kúrò lórí lọ sí ẹsẹ̀ nígbà tó bá ń kọ́nà líle, kí ojú rẹ̀ má baà ṣú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń sá lọ níbì kankan nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé ẹsẹ̀ àga kúrú, tí mo sì fi igi gbé pẹ́dà sókè díẹ̀, gìgísẹ̀ rí ilé, ọmọ ìka nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Bàtà kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé pẹ́dà olówó gọbọi ló gbé Mustang gbéra fún mi. Mustang gbéra nígbà tí mo ṣe ohun tí ìwé rẹ̀ wí: mo yí rọ́dà sí ọ̀tún ní ìwọ̀n mẹ́fà lórí bọ́tìnnì rẹ̀ kí n tó kúrò níbi tí mo wà, mo fa ọ̀pá mọ́ra kí táyà ìrù lè há kó má máa jó kiri, mo sì ti tọ́rọ́tù lọ jẹ́jẹ́ títí aago tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì fi ka 61, n kò sáré tì í. Ẹni tó bá ti gbogbo agbára síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pẹ́dà tí yóò gbà á.

Àbúrò mi ló wá sọ fún mi nípa ẹgbẹ́ 91. Ní 1941 ni wọ́n tún ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ogun kan dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì so orúkọ Nàìjíríà mọ́ ọn, 91 (Nigeria) Squadron, nítorí owó tí wọ́n dá láti ilẹ̀ yìí ra Spitfire. Mo ń ronú bí owó àwọn baba wa ṣe di bàálù. Ní 1943, ẹgbẹ́ náà gba Spitfire XII, ní 1944 wọ́n gba XIV, wọ́n sì fi lé àwọn V-1, bọ́ǹbù aláìlẹ́nìkan tí Jámánì ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. IL-2 Great Battles, géèmù mìíràn bíi DCS, ní Spitfire XIV. Mo rà á ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó bí ọ̀gá, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wà ní ìmúrasílẹ̀, mo ti tọ́rọ́tù, ni bàálù bá fò sí ọ̀tún, èmi náà sì ń bá a tẹ ọ̀tún! Ẹ́ńjìnnì XIV kì í ṣe Merlin mọ́, Griffon ni, òsì ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí sí. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́ fún ọdún kan dorí kodò. Àní àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ 91 fúnra wọn, láti orí Merlin ni wọ́n ti bọ́ sórí Griffon. Ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ìwé báyìí.

Pẹ́dà àkọ́kọ́ kò bọ́ sórí ààtàn. Mo lọ bá onítùn-ún-kẹ̀kẹ́ kan ní Láfẹ́nwá, mo ra irin bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú wáyà rẹ̀, mo dè é mọ́ ọ̀pá jọ́ìsítíìkì mi. Òdìkejì wáyà náà ni mo so mọ́ fọ́lúùmù bíréèkì òsì tó wà nínú pẹ́dà àtijọ́ yẹn, pẹ̀lú sípíríìgì Singer kan tó ń fà á padà. Báyìí, tí mo bá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Spitfire, mo máa ń fún bíréèkì bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ láti Olúmọ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ṣì máa ń fò díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kọ́ńtáàkì kílínà mi ti fẹ́ tán, mo ní láti ya Pánsẹ́kẹ́ lọ́la.